Mọ Ara Rẹ: Ohun Tí Macrina Sọ Lórí Pákó Ikú Rẹ̀

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa iṣẹ́ tì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó ti aláìsàn kan ná. Ọdún 379 ni. Annisa la wà, oko ìdílé kan lẹ́bàá odò Iris ní ilẹ̀ Pọ́ńtù, lápá àríwá orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Obìnrin kan tó ti lé lẹ́ni 50 ọdún wà nílẹ̀. Kò sùn sórí ibùsùn: pákó ni wọ́n tẹ́ fún un, wọ́n da aṣọ ọ̀fọ̀ bo pákó náà, pákó mìíràn ló sì fi ṣe ìrọ̀rí. Ibà mú un janjan, èémí rẹ̀ ń já. Macrina lorúkọ rẹ̀, òun ni àkọ́bí ilé náà. Àbúrò rẹ̀ Gregory, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Nyssa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìnàjò dé. Basil, ẹ̀gbọ́n Gregory tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ìjọ ìlà-oòrùn, kò tíì pẹ́ tó kú. Gregory ń bọ̀ wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ó dé, ó bá ẹni tó fẹ́ bá sọkún lẹ́nu ikú.

Ìwé méjì ni Gregory kọ nípa ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ọ̀kan jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé Macrina. Èkejì jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí ọkàn àti àjíǹde, tí Gregory ti ń béèrè, tí Macrina sì ń dáhùn. Òótọ́ ni pé Gregory ló mú kálámù, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù tó kàwé dójú àmì ni, "Olùkọ́" ló sì ń pe obìnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dé òpin.

Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà á ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀wò. Ta ló ń mọ̀ nínú ènìyàn, ara ni àbí ọkàn? Bí ara bá bàjẹ́ tán, níbo ni ìmọ̀ ń gbé? Mo ní ìdí tí mo fi mú un. Mo ti jókòó níbi ìsìnkú tó pọ̀ láàárín wa tí oníwàásù ti na ọwọ́ sí pósí tó ní, "Eléyìí kì í ṣe màmá wa mọ́ o, èèpo lásán ni. Màmá ti bọ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n ti lọ." Mo mọ̀ pé ìtùnú ló fẹ́ fi ṣe, ẹni tó ń sọkún a sì máa fẹ́ gbọ́ ohun tó máa gbé e dìde. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá ìjọ ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò jà fún ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tí wọ́n bá jà ló ń sọ ọ́.

Ta ni wọ́n bá jà? Ní nǹkan bí ọdún 140, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Valentinus, ará Íjíbítì, ń kọ́ àwọn Kristẹni ní Róòmù. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pín ọmọ aráyé sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn elérùpẹ̀, tí wọn yóò bá erùpẹ̀ parun, àwọn ọlọ́kàn, ìyẹn àwọn Kristẹni lásán bí èmi àti ẹ̀yin, tí wọ́n ní ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ rere nìkan, àti àwọn ẹlẹ́mìí, àwọn tí wọ́n ní ìmọ̀. Àwọn kan nínú wọn sọ ọ́ kedere pé ìmọ̀ gan-an ni ìràpadà. Wọ́n ní kò kan ara, torí pé ara máa ń jẹrà. Omi ìrìbọmi, òróró, àkàrà, wáìnì, ọmọdé ló ń lò ó lójú tiwọn.

Fún ìgbà pípẹ́, ẹnu àwọn ọ̀tá wọn nìkan la ti ń gbọ́ nípa irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, àwọn tí à ń pè ní Gnostic. Lóṣù Kejìlá ọdún 1945, àwọn àgbẹ̀ tó ń wa ilẹ̀ ọlọ́ràá nítòsí Nag Hammadi, ní apá òkè Íjíbítì, hú ìkòkò kan jáde. Ìdìpọ̀ ìwé 13 la rí kó jọ látibẹ̀, iṣẹ́ tó wà nínú wọn sì ju 50 lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ ti Valentinus, wọn kò sì fẹnu kò lórí ohun gbogbo. Nínú ọ̀kan, tí wọ́n fi orúkọ Tọ́másì pè, Jésù ní ó ya òun lẹ́nu bí ọrọ̀ ńlá yìí ṣe wá fi inú òṣì yìí ṣe ilé. Ọrọ̀ náà ni ẹ̀mí. Òṣì náà ni ara tí ẹ gbé jókòó sórí àga yìí.

Mi ò fẹ́ ká fojú pa wọ́n rẹ́. Ẹni tó ti sin ọmọ mẹ́ta láàárín ọdún méjì, ẹni tí egbò kò jẹ́ kó sùn lóru, tí ẹnì kan bá wá sọ fún un pé ara yìí kì í ṣe tìẹ, àjèjì ni ọ́ nínú rẹ̀, ìwọ jí kí o mọ ibi tí o ti wá, ọ̀rọ̀ náà á wọ̀ ọ́ lára. Ìrora ló gbé ẹ̀kọ́ yẹn jáde, ìrora gidi sì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ẹ tún un gbọ́ ní èdè wa: ẹni tí kò mọ ara rẹ̀. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sí ẹran kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwa kò lè sọ ọ́ kí ara má wà níbẹ̀. Bí mo bá wo dígí, ara mi ni mo rí. Bí mo bá ṣe ara mi léṣe, bí mo bá tan ara mi jẹ, bí mo bá gbọ́ra mi yé, ara náà ni. Àní "fúnra mi" tí a fi ń ya ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlòmíràn, fún ara mi ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sá kúrò nínú ara, tí wọ́n bá sọ ọ́ ní Yorùbá, inú ara ni yóò tún já sí. Mi ò sọ pé èdè ló ń dá ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sílẹ̀ o. Mo kàn ń sọ pé èdè wa ti gbé wa sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ìjà náà kó tó di pé a la ẹnu.

Ẹni tó kọ́kọ́ dìde sí wọn dáadáa ni Irenaeus. Ní ìlú Símínà, nígbà tó wà lọ́mọdé, ó gbọ́rọ̀ lẹ́nu Polycarp arúgbó, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà. Nígbà tó dàgbà, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé òde òní. Ní nǹkan bí ọdún 180 ó kọ ìwé márùn-ún láti tú ohun kan fó, ohun tí Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún Tímótì nípa rẹ̀: ìmọ̀ tí wọ́n ń fi èké pè ní ìmọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé ìmọ̀ kò dára. Ìmọ̀ tí kò fẹ́ mọ ara ló pè ní èké. Ó ní bí ẹran ara kò bá ní ìpín nínú ìgbàlà, a jẹ́ pé Olúwa kò fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rà wá, ife tí à ń mu kì í sì í ṣe ìdàpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fi mọ Ádámù, Ọmọ ni ọ̀kan, Ẹ̀mí ni èkejì, Ádámù kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ yẹn rí. Òun náà ló sọ gbólóhùn tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù: ògo Ọlọ́run ni ènìyàn tó wà láàyè. Ibi tí wọ́n sábà máa ń dúró sí nìyẹn. Irenaeus kò dúró níbẹ̀. Ó fi kún un pé ìyè ènìyàn ni pé kó rí Ọlọ́run.

Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan ní Carthage, ní àríwá Áfíríkà, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, sọ tirẹ̀ ní kúkúrú: ẹran ara ni irin tí ilẹ̀kùn ìgbàlà ń yí lórí rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe tò ó. A wẹ ara kí ọkàn lè mọ́. A fi òróró yàn ara kí ọkàn lè di mímọ́. A ya àmì àgbélébùú sí ara kí ọkàn lè ní ààbò. Ara jẹ ara Kristi, ó mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ọkàn lè yó fún Ọlọ́run. Kò sí ibì kan tí ọkàn ti dá gba nǹkan kan. Tertullian tún gbà pé ọkàn fúnra rẹ̀ ní irú ara tirẹ̀. Ó ròyìn arábìnrin kan nínú ìjọ tó rí ọkàn lójú ìran, tó ní ó rọ̀, ó ń tàn, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé e kò bá a débẹ̀, èmi náà kò bá a débẹ̀.

Kí n tó padà sí Annisa, ẹ fún mi láyè kí n sọ nǹkan kan nípa Bíbélì tó wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, tí ìwé Róòmù jáde ní 1850, tí odindi Bíbélì sì jáde ní 1884, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí Hébérù ń pè ní nefesh. Ọkàn ni wọ́n mú. Ọkàn yìí kan náà ló ń lù kì-kì ní àyà wa bí a bá sáré. Àwọn kan kà á sí àbùkù pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ méjì. Lójú tèmi, ó bá ọ̀rọ̀ Hébérù náà mu ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rò lọ, nítorí nefesh pẹ̀lú a máa tọ́ka sí ọ̀nà ọ̀fun, ibi tí èémí ń gbà kọjá. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì kò sì sọ pé Ọlọ́run gbé ọkàn kan wọ inú erùpẹ̀ bí ẹni gbé ọtí sínú agbè. Ó ní Ọlọ́run fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn, ó mí sí ihò imú rẹ̀, ènìyàn sì di alààyè ọkàn.

Ó fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn. Ẹ fetí sí "mọ" yẹn. Amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò. Ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni mọ̀ tí ó wà nínú ìmọ̀, ohùn ló yà wọ́n. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀lé mọ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè, àwọn méjèèjì á dún bákan náà lẹ́tí. Sáàmù 103 sọ nípa Ọlọ́run pé ó mọ ẹ̀dá wa, ó rántí pé erùpẹ̀ ni wá. Ẹni tó ń gbọ́ ọ láìwo ìwé, èwo ló gbọ́? Ó dá wa ni, àbí ó ní ìmọ̀ wa? Ẹ fi èyí pa mọ́ sínú. Macrina kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n a óò bá a níbẹ̀.

Gregory wọlé, ó rí i, ó bú sẹ́kún. Macrina kò dá a lẹ́kun. Gregory fúnra rẹ̀ sọ pé ó ṣe é bí ẹni tó mọ ẹṣin í gùn: ó tú ìjánu sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹṣin sá bó ṣe fẹ́, lẹ́yìn náà ló wá fà á. Nígbà tó fà á, Gregory sọ òtítọ́ kan tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní Ìwé Mímọ́ pa á láṣẹ fún wa pé ọkàn kì í kú, a sì gbà, ṣùgbọ́n bí ẹrú ṣe ń gba àṣẹ ni a gbà á. Inú wa kò tíì dá a mọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Macrina kò bá a wí. Ó ní kó kúkú gba ẹnu àwọn aláìgbàgbọ́ sọ̀rọ̀, kó kó gbogbo àtakò wọn jáde.

Àtakò náà kò lọ́jú pọ̀. Iná, omi, afẹ́fẹ́, erùpẹ̀, àwọn ló para pọ̀ di ara. Bí wọ́n bá tú ká, ibo ni ọkàn fẹ́ dúró sí? Bí ó bá wà nínú wọn, á bá wọn tú ká. Bí kò bá sí nínú wọn, kò sí níbì kankan. Epicurus, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, ti sọ pé ayé ènìyàn dà bí ìfóófòó omi.

Macrina kò fi Ìwé Mímọ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nítòsí ló nawọ́ sí. Ó ní ẹ gbé ìkòkò tó ṣófo sínú omi. Ẹni tí kò mọ nǹkan á ní kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò náà á kọ́kọ́ léfòó, bó bá wá dagun, omi á máa wọlé, nǹkan kan á sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀ tó ń ké gbùlù-gbùlù. Ojú kò rí afẹ́fẹ́ yẹn, ọkàn mọ̀ pé ó wà. Ó ní ojú rí oòrùn bí nǹkan kékeré. Ta ló sọ fún wa pé ó ju ayé lọ? Oníṣègùn kan jókòó tì í nígbà náà, ó ń tọ́jú rẹ̀. Macrina tọ́ka sí i. Ó ní ẹ wo ọkùnrin yìí, ìka lásán ló fi kan iṣan ọwọ́ mi, ó sì ń gbọ́ bí ara mi ṣe ń ké, ó ń mọ ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí iná ibà ti ń jó wá. Ṣé awọ ìka lè mọ gbogbo ìyẹn bí ọkàn kò bá sí nínú ìfọwọ́kàn náà?

Mo máa ń dúró pẹ́ níbí yìí. Àwọn Gnostic á ti lo àpẹẹrẹ yẹn láti fi ìka sílẹ̀: ọkàn ló mọ̀, ẹ gbàgbé ìka. Macrina kò gbàgbé ìka. Ọkàn, ní tirẹ̀, ni ohun alààyè, olóye, tí Ọlọ́run dá, tó ń fún ara ní agbára láti wà láàyè àti láti mọ ohun tó kàn án. Nínú ìka oníṣègùn yẹn, àwọn méjèèjì kò ṣeé yà. Ìka láìsí ọkàn, ẹran tútù ni. Ọkàn láìsí ìka, ibo ni yóò ti mọ̀ pé ibà ń pa obìnrin kan lórí pákó?

Gregory kò tíì yó. Ó ní ó dáa, bí ọkọ̀ bá fọ́ lójú òkun, tí pákó rẹ̀ tú ká, ṣé ẹnì kan lè di gbogbo pákó náà mú lẹ́ẹ̀kan náà? Ìgbà náà ni Macrina sọ ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ wá síbí lónìí. Ó ní ọkàn kò ní ìwọ̀n, jíjìn kò ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí àwọn nǹkan ara ṣì para pọ̀, ó mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá tú ká, ó ṣì mọ̀ wọ́n. Ẹni tó ń ya àwòrán tó po funfun, dúdú, pupa àti yẹ́lò pọ̀, bí àwọ̀ wọ̀nyẹn bá tún yà, tí kálukú bọ́ sí àyè rẹ̀, ṣé kò ní dá èyí tó lò mọ̀ ni? Bí ìkòkò ẹnì kan, àwo rẹ̀ àti ife rẹ̀ bá fọ́, tí àpáàdì wọn dà pọ̀ mọ́ra, tó tún dà pọ̀ mọ́ amọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, olóhun kò ní ṣi èyí mú mọ́ ìyẹn, kò sì ní pe amọ̀ lásán ní ohun ìní rẹ̀. Báyìí ni ọkàn ṣe ń ṣọ́ erùpẹ̀ tó ti jẹ́ ara rẹ̀. Ó dúró tì í bí ẹ̀ṣọ́. Gregory béèrè pé kí ló dé tí ọlọ́rọ̀ inú ìtàn Lásárù fi ń tọrọ omi sí ahọ́n nígbà tí ahọ́n rẹ̀ wà nínú ibojì. Macrina ní ọkàn rẹ̀ kò tíì fi ohun tó ti jẹ́ ahọ́n rẹ̀ rí sílẹ̀.

Ẹ rí ibi tí ó gbé ìmọ̀ kà. Lọ́dọ̀ Valentinus, ìmọ̀ ni ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé okùn tó so ẹ̀mí mọ́ ara. Lọ́wọ́ Macrina, ìmọ̀ ni okùn náà. Ikú lè tú erùpẹ̀ ká títí dé ìpẹ̀kun ayé, ohun tí ọkàn mọ̀ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ àjíǹde á sì dé bá a níbi tó ti ń ṣọ́ tirẹ̀.

Àwọn ibòmíràn nínú ìwé yẹn le, bí i bí iná Ọlọ́run ṣe ń fọ ọkàn bí ẹni fa okùn ẹlẹ́rẹ̀ gba ojú ihò tóóró. Mi ò ní wọ inú rẹ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ìjọ ló bá Macrina lọ. Ní 20 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́dún 399, lẹ́tà kan ti ọ̀dọ̀ Theophilus, bíṣọ́ọ̀bù Aleksáńdríà, dé aginjù Íjíbítì, ó ní Ọlọ́run kò ní ara, kò ní ojú, kò ní ọwọ́. Òtítọ́ ni. Ohun tí Evagrius ti ń kọ́ àwọn mọ́ńkì níbẹ̀ nìyẹn, pé kí wọ́n má ṣe ya àwòrán kankan sínú bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Ìlú Ibora ní Pọ́ńtù ni Evagrius ti wá, agbègbè kan náà pẹ̀lú ilé Macrina. Mọ́ńkì arúgbó kan wà ní Scetis nínú aginjù náà, Serapion, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbààwẹ̀, tó ń rí Ọlọ́run bí ẹni tó ní ìrísí nígbà tó bá kúnlẹ̀. Wọ́n pe díákónì ọ̀mọ̀wé kan, Photinus, ará Kapadókíà, kó ṣàlàyé fún un. Photinus ṣàlàyé, ó yé bàbá náà, ó gbà. Gbogbo wọn dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nínú àdúrà náà ni Serapion wá ojú tó ti máa ń rí, kò rí i mọ́. Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń sunkún kíkorò: "Mo gbé! Wọ́n ti gbé Ọlọ́run mi lọ. Mi ò ní ẹni tí n ó dì mú mọ́, mi ò mọ ẹni tí n ó sìn tàbí tí n ó ké pè."

John Cassian, tó wà níbẹ̀, ló sọ ìtàn náà, ohun tó sì fẹ́ fi kọ́ wa ni ewu tó wà nínú kéèyàn máa ya àwòrán Ọlọ́run sínú. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí mo bá ka á, ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó yẹn ni mo máa ń wà, nílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó mọ̀ nípa Ọlọ́run wà nínú orúnkún rẹ̀, nínú ọwọ́ rẹ̀ tó nà sókè láràárọ̀, nínú ojú tó dì. Wọ́n tún ìmọ̀ rẹ̀ ṣe bí ẹni pé orí nìkan ló ní. Ó dùn mí pé nínú gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé tó dúró yí i ká, kò sí ẹni tó rántí sọ fún un pé Ọ̀rọ̀ ti di ara, pé ẹnì kan wà tó ṣeé dì mú.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Macrina. Lọ́jọ́ tó kú, ilẹ̀ ṣú, wọ́n gbé fìtílà wọlé. Ó la ojú, ó wo ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì hàn pé ó fẹ́ kọ orin ọpẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ohùn ti lọ. Ètè rẹ̀ ló ń mì, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Nígbà tí ètè dákẹ́ tí ọwọ́ sì lọ sí ojú rẹ̀ láti ya àmì àgbélébùú, ó mí èémí gígùn kan, ayé rẹ̀ àti àdúrà rẹ̀ sì parí pọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń tọ́jú òkú rẹ̀, Vetiana, opó kan tó ń gbé pẹ̀lú wọn, rí àgbélébùú irin kan àti òrùka irin lórí okùn tín-ínrín ní ọrùn rẹ̀. Gregory mú òrùka, ó fi àgbélébùú sílẹ̀ fún Vetiana. Vetiana wá ní kí Gregory súnmọ́ ọ̀dọ̀ òun, ó gbé fìtílà sún mọ́ àyà òkú náà, ó sì ní, "Ṣé ẹ rí àmì kékeré yìí lábẹ́ ọrùn?" Ó dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún ènìyàn. Vetiana sọ ìtàn rẹ̀. Kókó olóró kan ti yọ sí Macrina ní ọmú nígbà kan. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí oníṣègùn wò ó, ó kọ̀, nítorí kò fẹ́ ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àjèjì. Ó wọ ilé àdúrà lọ, ó sunkún níbẹ̀ mọ́jú, ó fi omijé rẹ̀ po erùpẹ̀ ilẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ yẹn ra ojú ibẹ̀. Nígbà tí ìyá tún dé, ó ní kí wọ́n kàn ti ọwọ́ bọ òun láyà, kí wọ́n ya àmì àgbélébùú sí i. Ìyá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kókó ti lọ. Àpá yẹn ló kù, Vetiana ní kó lè máa rán an létí ohun tí Ọlọ́run ṣe ni.

Ẹni tó kọ oníṣègùn nígbà kan rí ló fi ìka oníṣègùn kọ́ àbúrò rẹ̀ ní nǹkan nípa ọkàn lọ́jọ́ ikú. Gregory kò sọ nǹkan kan lórí èyí, mi ò sì mọ bóyá ó kíyè sí i. Èmi kíyè sí i.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà àwọn Ajẹ́rìíkú 40, ibi tí wọ́n sin àwọn òbí rẹ̀ sí. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odindi ọjọ́ kan. Nígbà tó kù kí wọ́n ṣí ibojì, ẹ̀rù ba Gregory. Ó mọ̀ pé òkú bàbá àti ìyá rẹ̀ ti jẹrà, wọ́n ti tú ká, pé egungun wọn á wà ní gbangba, ó sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Nóà tó wo ìhòòhò bàbá rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n ti ń gbé òkúta ojú ibojì kúrò, kó tó di pé ẹnikẹ́ni wo inú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun mímọ́ bo ohun tó kù nínú àwọn òbí rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun àti bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò náà gbé Macrina kúrò lórí pósí, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀.